Àpamọ́wọ́ tàbí Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Kọ́kọ́rọ́? Èdè-Ìperí àti Ìfipamọ́ Owó Kírípítò ní Etíkun Ìlàjẹ

Ìṣòro tí ó wà nínú yíyan ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú owó kírípítò fún ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú orúkọ ẹ̀rọ náà. Àpamọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ní Igbókòdá tàbí Ayétòrò yóò rò pé owó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó ẹja ti ń wà nínú àpamọ́wọ́ ìyálọ́jà, àti pé bí ó bá já sínú ọ̀sà, owó ti bómi lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbò kan, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, ni owó náà wà. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń pàṣẹ lé e lórí nìkan ni ẹ̀rọ ń pa mọ́.

Bí a bá tú àpamọ́wọ́ palẹ̀, ọwọ́ ni a óò bá nínú rẹ̀, kì í ṣe owó: à-pa-mọ́-ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ owó ni, àpamówó ni ìpajẹ ìbá fún wa. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, etí ni ó ń ṣì í gbọ́. Síbẹ̀, fún ìwé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ìpamọ́ kọ́kọ́rọ́ sàn jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ gùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Mt. Gox wó ní Tokyo ní 2014, tí FTX sì wó ní 2022, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ àwọn oníbàárà wà. Gbèsè lásán ni ó kù sí wọn lọ́wọ́.

Láti 2014, tí Trezor ti jáde gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yìí lọ́jà, oríṣiríṣi ni ó ti wà. Èyí tí ó yẹ ní rírà gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀, kí olówó lè ka àdírẹ́sì tí owó ń lọ lórí ẹ̀rọ gan-an, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí olè lè ti wọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni ó dára kí a ti rà á. Bí ìwé kan bá bá a wá tí a ti kọ ọ̀rọ̀ ìgbapadà sí tẹ́lẹ̀, ìdẹ olè ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbapadà yìí ni ó yẹ kí olùtúmọ̀ bẹ̀rù jù. Àwọn kan ń pè é ní gbólóhùn. Kò tọ́, nítorí kò ní olùwà, kò sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ̀rọ ṣà láti inú àkójọ 2048, tí a sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àwọn ni ẹ̀rọ mìíràn yóò fi tún kọ́kọ́rọ́ náà ṣe. Àkójọ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jàpáàànù àti àwọn mìíràn. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ fún ní “time”, tí ó kọ “ìgbà” sílẹ̀, lè ṣí ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kí ó sì kà á sí “season”, tí òun náà wà nínú àkójọ. Owó ti lọ nìyẹn.

Ṣíṣe àkójọ ti Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nínú tiwa, igba, igbá, ìgbà àti igbà ní àwọn lẹ́tà kan náà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n, ohùn sì ni àwọn tí ń kọ̀wé kọ́kọ́ ń fò. Ti ẹ̀ka-èdè tún ń bẹ: Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, Ìlàjẹ a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀, bí orúkọ ìlú Ùgbò ti fi hàn.

Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé. Bébà kò lè pẹ́ nínú irú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ bẹ́ẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ kí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbapadà sí. Kí ẹ̀dà kejì wà ní òkè, bí Òkìtìpupa, lọ́wọ́ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ tàbí níbi tí yóò ti lè rí i, nítorí kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè bá òkú béèrè ọ̀rọ̀ 24.