Iṣẹ́ Ìyàwó Sójà ní Ìlú Tuntun

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé sójà kúrò ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ni wọ́n fi ń sọ fún un. Orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé náà, orúkọ ìyàwó kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ìyàwó náà yóò di ẹrù. Aránṣọ tí gbogbo Ìfọ̀nyìn mọ̀ yóò dé Parakou, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kù sílé, àjọ tó ń dá kù sílé, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà pàápàá yàtọ̀.

Ìrìn náà kò kéré. Láti Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, dé Parakou, ó tó nǹkan bí 400 kìlómítà. Kandi àti Natitingou tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2022, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ààbò tí wọ́n ń pè ní Mirador, ó sì kó nǹkan bí 3,000 sójà lọ sí ìhà òkè. Kò sí ẹni tó ń mú ìyàwó lọ sójú ìjà o. Ìlú tí bárékè wà ni à ń sọ.

Ẹ̀yin ìyàwó sójà, kí ẹ tó di ìkòkò àti ẹní, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n ti ṣe ìdána fún, àwọn àna ti jẹ, wọ́n ti mu. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin ìdílé ilẹ̀ Benin ti ọdún 2004 sọ pé ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé mẹ́rì nìkan ni ìjọba mọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì ìjọba, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ìlú tí ọkọ yín wà, ìwé yìí ni ẹ óò fi hàn pé ọkọ yín ni. Ẹ kọ lẹ́tà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láìgba àṣẹ lè pàdánù rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìwé ìbí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tàbí irun dídì, ìwé-ẹ̀rí kan wà tí ìjọba ń pè ní CQM. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń dán wò fún un, kò di dandan kó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fọ́tò ọjọ́ tí ẹ gba òmìnira dára lára ògiri, ṣùgbọ́n onísọ́ọ̀bù ní Parakou kò mọ ọ̀gá yín. Òǹtẹ̀ ìjọba ló mọ̀.

Ní Nàìjíríà, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Mammy Ochefu, ọmọ Ìdọ̀mà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà, bárékè ní Enugu ni wọ́n sì ń gbé ní ọdún 1959. Bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, ó ń ṣe kúnnú, irú èyí tí wọ́n ń mu nílé wọn, ó ń tà á fún àwọn sójà. Ọ̀gá kan ní eṣinṣin ti pọ̀ jù, kó dáwọ́ dúró. Ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ń béèrè kúnnú wọn, nígbà tó yá wọ́n fún un ní àyè lọ́tọ̀. Àwọn ìyàwó sójà mìíràn gbé àtẹ tiwọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọjà. Títí di òní, Mammy Market ni wọ́n ń pe ọjà bárékè ní Nàìjíríà. Ọkọ rẹ̀ di gómìnà ní ọdún 1975, àmọ́ orúkọ ìyàwó ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn.

Kúnnú ilé wọn ló gbé lọ. Kí ni Ìfọ̀nyìn ní? Epo pupa. Ọ̀pẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò pọ̀ ní òkè. Òkè ni òrí, èlùbọ́ àti wàrà ti ń wá. Ẹ lè máa gba epo láti ilé, kí ẹ sì máa fi òrí ránṣẹ́ sílé. Ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo kan ní 18,000 fáráńkì, owó ọkọ̀ 1,500, alábàárù àti àyè ọjà 500. Ó di 20,000. Bí ẹ bá tà á ní 23,000, èrè jẹ́ 3,000. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi sórí.

Ní Parakou, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ní èdè Dendi. Ẹ wá àwọn Yorùbá ìlú náà lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ́ àtẹ sí bárékè, nítorí eṣinṣin.

Ẹ dáhùn ní kíláàsì: Ta ni nínú yín tó ní ìwé ìgbéyàwó láti ilé mẹ́rì? Iṣẹ́ wo ni ẹ lè gbé lọ sí ìlú mìíràn? Bí awakọ̀ bá fi 500 kún owó ọkọ̀ epo yẹn, èló ni èrè yóò kù?