Ìlànà Tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fi Ń Wọ Ẹgbẹ́ Eré Ìdárayá

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a bá ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn díje eré sísá. Nígbà tí ó kan eré ọgọ́rùn-ún mítà, ilé-ẹ̀kọ́ kan mú ọmọ kan jáde tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Àwọn ènìyàn ń pariwo pé, "Bàbá ọmọ dé!" ṣùgbọ́n ó sáré, ó sì fi gbogbo wa sílẹ̀ sẹ́yìn. Olùkọ́ wa tọ adájọ́ lọ, adájọ́ sì bi í léèrè pé, "Tíṣà, òfin wo ni wọ́n rú?" Olùkọ́ wa kò rí èsì fọ̀, nítorí kò sí òfin kankan tí àwa ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fi ọwọ́ sí. A sunkún dé ilé ní ọjọ́ náà.

Ìbéèrè adájọ́ yìí ni ó ń padà wá sí mi lọ́kàn láti ìgbà tí a ti ń sọ ọ́ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pé kí àwa àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà nítòsí dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ ni ó kún ẹnu wa. Ẹni tí ń béèrè irú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ó gbà wọlé kò pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kí ẹ bá mi yẹ ọ̀ràn àwọn ará Amẹ́ríkà wò, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń da ọ̀rọ̀ yìí rò, wọ́n sì ti ṣìṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1895, James Smart, ẹni tí í ṣe olórí Yunifásítì Purdue, pe àwọn olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí ìlú Chicago. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì lè ṣàìjókòó nínú kíláàsì rí. Òmíràn a gbá a fún ibí lọ́dún yìí, a sì gbá a fún ọ̀hún ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni pé ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ gbèsè iṣẹ́ kíláàsì nìkan ni yóò máa ṣeré, àti pé abẹ́ àwọn olùkọ́ ni àkóso eré yóò wà. Ní 1896 yunifásítì méje fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Big Ten lónìí, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn ńlá mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti di méjìdínlógún. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò bá wọn yanjú ìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè ṣòfin fún gbogbo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sáré tí wọ́n sì ń fi ara kọlu ara nínú rẹ̀, ń pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní oṣù kẹwàá 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí ilé ìjọba, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n tún eré náà ṣe. Ní 1906 a dá ẹgbẹ́ tí ó kárí ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ní 1910 ó sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, èyí ni NCAA.

Fún nǹkan bí ogójì ọdún, agbára ẹgbẹ́ yìí lórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ti agbani-nímọ̀ràn lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní 1948 wọ́n ṣe òfin líle kan lórí owó ìrànlọ́wọ́ tí a lè fún eléré, ṣùgbọ́n ìjìyà kan péré ni wọ́n so mọ́ ọn: kí a lé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá rú u jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ní 1950 wọ́n mú méje wá sí iwájú ìpàdé, Yunifásítì Virginia sì wà nínú wọn. Wọ́n dìbò: 111 ní kí wọ́n máa lọ, 93 ní rárá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè, nítorí náà àwọn méjèèje jókòó pa sí àyè wọn, òfin ni ó kú. Ní 1951 ni wọ́n sì pa á rẹ́. Ta ni yóò lé ọmọ kúrò nílé títí ayé nítorí ẹran tí ó mú nínú ìkòkò ọbẹ̀? Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá to ìjìyà ní ìpele-ìpele, láti orí ìbáwí títí dé orí èyí tí ó bá Southern Methodist ní 1987, tí wọ́n ní kí ó má ṣe gbá bọ́ọ̀lù rárá ní ọdún náà.

Láti 1973 ni wọ́n ti pín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wà ní ìpín kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ ní oríṣi eré mẹ́rìnlá ó kéré tán: méje fún ọkùnrin àti méje fún obìnrin, tàbí mẹ́fà fún ọkùnrin àti mẹ́jọ fún obìnrin. Mẹ́wàá ni ti ìpín kejì. Ní ìpín kẹta, wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní owó ìrànlọ́wọ́ nítorí pé ó mọ eré í ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá fẹ́ gòkè láti ìpín kejì sí ti kìn-ín-ní kì í kàn kọ ìwé lásán. Ẹgbẹ́ àgbègbè kan tí ó wà lókè ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é, yóò sì fi ọdún púpọ̀ wà nínú ìdánwò kí ó tó di ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́. Ìlànà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni èyí: kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan olùkọ́ kan, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka eré, kí ó máa ṣe ojú fún iṣẹ́ ìwé àwọn eléré.

Òfin wọ̀nyí kì í ṣeré. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, dé Yunifásítì Houston ní 1980, ṣùgbọ́n ó fi ọdún kan wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níran, nítorí NCAA kò tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó ṣẹ́gun wọn: láti 2021 ni eléré ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀, láti 2025 sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lè san owó fún un fúnra rẹ̀.

Nílé wa pẹ̀lú, yunifásítì márùn-ún ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ NUGA: Ìbàdàn, Nsukka, Èkó, Zaria àti Ifẹ̀. Ní 1966 ni wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn.

Mo tún pàdé ọkùnrin onírùngbọ̀n náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Káfíńtà ni. Ó sọ fún mi pé àwọn tí ó mú òun wá kò sọ fún òun ju pé kí òun sáré, wọ́n sì fún òun ní oúnjẹ àti ẹ̀wù kan. Bí òfin bá wà ní ọjọ́ náà tí ó sì jẹ́ òun ni ó mú, a bá ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yá a ì bá sì lọ wá ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí òfin wa dè, kì í ṣe eléré. Kí orúkọ gbogbo àwọn tí yóò ṣeré wà nínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ eré. Kí purinsípà fọwọ́ sí i, kí olùkọ́ kan tí kò ní ọwọ́ nínú eré sì tún fọwọ́ sí i. Kí ìjìyà bẹ̀rẹ̀ láti orí pípàdánù máàkì, kí ó tó dé orí ìdádúró fún ọdún kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò pa ayọ̀ eré. Mo dá a lóhùn pé òun kò sí nínú àwọn tí ó sunkún dé ilé. Èyí tí àwa méjèèjì kò tíì fi ẹnu kò sí ni iye oṣù tí ọmọ tí ó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wá sí òmíràn yóò fi dúró kí ó tó ṣeré fún ilé tuntun. Èmi ní ọdún kan, òun ní sáà kan tó.