Òwò Orúkọ Dòméènì: Rírà, Títà àti Owó Ọdún

Kíláàsì: SSS 2
Iṣẹ́: Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà (ó kan Ìmọ̀ Òwò pẹ̀lú, bí olùkọ́ wọn bá ráyè, kó wá jókòó tì wá)
Àkókò: Pẹ́ríọ́dù méjì tó tẹ̀léra
Ohun èlò: Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, fóònù kan tó ní dátà

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá máa parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ra dòméènì, kó lè tọ́ka sí ibi tí èrè ti ń wá àti ibi tí owó ti ń jò lọ, kó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín òwò àti fífi orúkọ olórúkọ gbowó. Ti ìkẹyìn yìí ni kí a lo àkókò lé lórí jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé ọgbọ́n ni.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Wọ́n ti mọ̀ pé nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ètò tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983 ló jẹ́ kí a lè máa fi orúkọ pe àwọn nọ́ńbà náà. Bí wọ́n bá ti gbàgbé, ẹ rán wọn létí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì kọjá.

Kí ni ẹni tó rà á rà?

Ẹ kọ ìbéèrè yìí sórí pátákó kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ yóò ní orúkọ ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wá ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́dọọdún.

Kò sẹ́ni tó ń ra orúkọ dọ́ọ̀tì kọ́mù ní àràkú. Ẹ̀tọ́ láti lò ó ni èèyàn ń san owó lé lórí, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sì lè ju ọdún 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá ń wọlé déédéé, olówó ń bẹ nídìí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí owó bá dúró, orúkọ padà sọ́jà. Ẹ fi wé ṣọ́ọ̀bù inú ọjà: ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń san owó ọdún lórí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì lè gba owó gọbọi kó tó jáde fún ẹlòmíràn. Owó ìjáde yẹn ni à ń pè ní òwò àtúntà dòméènì. Gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ òní, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ibi tí orúkọ ti ń jáde

Ẹ má pẹ́ níbí. Orúkọ dọ́ọ̀tì kọ́mù àkọ́kọ́ ni symbolics.com, tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà gbà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 1985. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà. Ọdún 1995 ni Network Solutions, ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba 100 dọ́là fún ọdún méjì. Lónìí, Verisign ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo dọ́ọ̀tì kọ́mù, ICANN tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 ló ń gbé ìlànà kalẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi GoDaddy àti Namecheap ló sì ń tà á fún aráàlú. Nílé wa níbí, NiRA ló ń mójú tó .ng; .sch.ng ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Benin ní .bj, Togo ní .tg.

Kí ló ń mú orúkọ kan gbówó lórí?

Ẹ kọ ọ́ báyìí: business.com, 1997, 150,000 dọ́là. Lábẹ́ rẹ̀: business.com, 1999, mílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Lẹ́tà kan kò kún un, ọ̀kan kò dín. Kí ló yí padà láàárín ọdún méjì? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀. Àwọn tó ń rà á ló yí padà: ní 1999, owó àwọn olùdókòwò ń ya wọ inú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé kò ní í tán, olúkúlùkù sì ń wá orúkọ tí yóò fi hàn pé òun náà ti dé.

Facebook kọ́ wa ní ti ẹ̀. Thefacebook.com ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ọdún kejì ni wọ́n san 200,000 dọ́là kí wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ kékeré iwájú yẹn kúrò. Tesla pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Teslamotors.com ni wọ́n ń lò títí di 2016, Elon Musk fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù 11 dọ́là kí tesla.com tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ MicroStrategy ta voice.com ní mílíọ̀nù 30 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Block.one. Ẹ wo gbogbo wọn dáadáa. Ẹni tó nílò orúkọ ló ń dá iye lé e. Ẹwà orúkọ nìkan kì í ta á.

Síbẹ̀, orúkọ tó rọrùn láti gbọ́ máa ń tà ju èyí tó ṣòro lọ. Ẹ dán an wò. Kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn kíláàsì, kó pe orúkọ dòméènì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ń sọ ọ́ lórí fóònù, kí àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Bí ìwé bá kún fún ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iye orúkọ náà ti já wálẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ní dáàṣì láàárín tàbí nọ́ńbà tó ń ṣe bí lẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń kọ lódì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ìṣirò orí pátákó

Ìhín ni ojú ti máa ń là. Kí a gbà pé ẹnì kan ní orúkọ 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 12 dọ́là lọ́dún. 1,200 dọ́là ni yóò san, ó tà, kò tà. Àwọn tó ti pẹ́ nínú òwò yìí máa ń sọ pé bí ọ̀kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún bá tà lọ́dún, kò burú. Kí a wá ní ọ̀kan tà, ní 1,500 dọ́là. Alágbàtà gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, ìyẹn 300. Kí ló kù? 1,200. Kí ni èrè? Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ fúnra wọn.

Fún ẹni tó ń gba náírà, ìṣirò náà tún le sí i, torí dọ́là ni owó ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 460 náírà, ó kọjá 1,400 láàárín ọdún kan. Orúkọ kan kò pọ̀ sí i lọ́wọ́ olówò náà, ẹrù owó ọdún rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé iṣẹ́ gidi nínú òwò yìí ni mímọ orúkọ tó yẹ kí èèyàn jọ̀wọ́ lọ́dún yìí. Inú wọn kì í dùn sí i.

Bí ọjà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Àwọn ọjà ńlá wà: Sedo ní Jámánì, Afternic àti gbàǹjo GoDaddy ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tà lè fi iye lé e, tàbí kó ní kí oníbàárà mú owó wá, kí wọ́n jọ nájà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń rà lè wà ní London, ẹni tó ń tà ní Ìbàdàn, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Ta ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ tọwọ́ rẹ̀?

Ẹ pe ọmọ mẹ́ta síwájú kí wọ́n ṣe é. Olùrà kó owó lé ẹnì kẹta lọ́wọ́, bíi ti Escrow.com. Ẹnì kẹta ní owó ti dé. Olùtà tú ìdè tó wà lórí orúkọ náà, ó fún olùrà ní kóòdù ìṣílọ. Olùrà fi kóòdù náà gba orúkọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti pé. Ìgbà náà ni ẹnì kẹta tó san owó fún olùtà. Ọmọ kan nínú kíláàsì gbọ́dọ̀ béèrè pé bí ẹnì kẹta náà bá sá lọ ń kọ́? Ìdáhùn: òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ sì tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ fúnra yín, ẹ má gba ti inú ímeèlì àlejò.

Bí orúkọ ṣe ń kú

Bí ọjọ́ owó bá kọjá, orúkọ kì í ṣubú lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ lè dì í mú títí di ọjọ́ 45. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 30 tí ẹni tó ni ín ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìtanràn á gorí rẹ̀. Ọjọ́ 5 tó gbẹ̀yìn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Bó bá jáde báyìí, kọ̀ǹpútà àwọn tó ń dọdẹ orúkọ á hán an láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn ńlá náà ń gbàgbé. Lálẹ́ Kérésìmesì 1999, àwọn tó ń lo Hotmail kò lè wọlé sí àpótí lẹ́tà wọn. Michael Chaney, ọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Nashville, tọpa ọ̀rọ̀ náà títí tó fi rí i pé Microsoft, tó ni Hotmail, kò san owó passport.com tí wọ́n fi ń wọlé sí i, 35 dọ́là péré. Ó fi káàdì ara rẹ̀ san án, nǹkan sì padà bọ̀ sípò. Ní oṣù Kẹrin 2021, ọkùnrin ará Argentina kan ra google.com.ar ní 270 pésò, Google sì gbà á padà láìpẹ́.

Wọ́n tún ń jí orúkọ. Ẹjọ́ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ dá lórí orúkọ kan tí mi ò ní í kọ sójú pátákó. Gary Kremen ló forúkọ náà sílẹ̀ ní 1994. Ọdún kejì, Stephen Cohen fi ayédèrú lẹ́tà gbà á kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí Cohen san mílíọ̀nù 65 dọ́là. Nígbà tó di 2003, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní California ní orúkọ dòméènì jẹ́ ohun-ìní, pé ilé-iṣẹ́ tó bá gbé e fún olè lè jẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Orúkọ olórúkọ

Ẹ lo èyí tó pọ̀ jù nínú pẹ́ríọ́dù kejì fún un.

Ní oṣù Kẹwàá 1999, ọkùnrin kan ní California gba worldwrestlingfederation.com. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kàn sí àjọ oníjàkadì tó ń jẹ́ orúkọ náà pé òun yóò tà á fún wọn ní 1,000 dọ́là. Ẹjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dá lábẹ́ ìlànà tuntun ICANN, lọ́dọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọpọlọ, ní Geneva, ní oṣù Kìíní 2000. Wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn lábẹ́ ìlànà yìí: pé orúkọ náà jọ àmì-òwò òun, pé ẹni tó mú un kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé èrò búburú ló fi gbà á, tó sì fi ń lò ó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹjọ́ yẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ló máa ń san owó ẹjọ́, 1,500 dọ́là fún onídàájọ́ kan. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń dá 1,000 lé orúkọ, kó lè dín sí owó ẹjọ́. Mo ka irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sí ìlọ́nilọ́wọ́gbà.

Ẹ wá gbé Uzi Nissan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Nissan, ó sì ti ń fi í ṣòwò ní North Carolina láti 1980, ìgbà tí Datsun ṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọkọ̀ àwọn ará Japan yẹn. Ní 1994 ló gba nissan.com fún òwò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Nissan pè é lẹ́jọ́ ní oṣù Kejìlá 1999. Ẹjọ́ náà fà á lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó agbẹjọ́rò gbé e mì, àmọ́ orúkọ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2020.

Ẹ pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan gbèjà Nissan, kí èkejì gbèjà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n fi nǹkan mẹ́ta WIPO díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má gba "àánú ṣe mí" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Ìgbéléwọ̀n

1. Ẹnì kan ní òun ra orúkọ kan ní 2015, pé tòun ni títí láé. Tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.
2. Orúkọ 40, 12 dọ́là lọ́dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tà fún ọdún mẹ́ta. Èló ni kí èyí tó bá kọ́kọ́ tà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà pa lẹ́yìn tí alágbàtà bá ti gba tirẹ̀, kí olówò má baà jẹ gbèsè?
3. Kí nìdí tí business.com fi gbówó lórí ní ìlọ́po 50 láàárín ọdún méjì?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Mú orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ kan tàbí oúnjẹ kan ládùúgbò rẹ. Fi fóònù wo bóyá .com.ng rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Má rà á. Kọ iye tí ọdún kan jẹ́, irú ẹni méjì tó lè wá a, àti bóyá ẹnì kan ti ń fi orúkọ náà ṣòwò ṣáájú. Ẹni tó bá mú orúkọ báńkì wá yóò jáde síwájú kíláàsì láti ṣàlàyé.