Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Yín: Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀?

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, ẹ má dúró di Oṣù Kejìlá kí ẹ tó lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ọwọ́ wọn ti máa ń dí nígbà yẹn. Láti Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Wọn yóò sọ pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹyọ kan yóò ṣe dínwó tó. Òótọ́ ni: owó pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kò yí padà, ì báà ṣe 100, ì báà ṣe 500. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra kàlẹ́ńdà ní Oṣù Kẹta? Iye tí àwọn èèyàn ti san àsansílẹ̀ fún ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá jẹ́ 40, tí kálukú sanwó méjì méjì, 80 nìyẹn. 100 ti tó.

Ẹ má fọwọ́ kan owó irúgbìn àti ajílẹ̀ o! Àwọn tó ń ta oògùn oko lè sanwó ìpolówó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbowó lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó àwìn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe fọ́tò alága nìkan. Ẹ kọ ìgbà tí a ń gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ sábẹ́ Oṣù Kẹta àti Ìkẹrin. Ọdún Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ, nítorí náà ẹ bi Lèmọ́mù léèrè. Kí ẹni méjì ka ìwé àyẹ̀wò náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí atẹ̀wé kì í tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.