Ẹran Afàyàfà Wo ni Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Lè Sìn?



Ìbéèrè kan ló bí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọlá níbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé, bi wá lẹ́yìn ìrun Alásáárì pé: "Áfáà, mo fẹ́ máa sin ẹran tí ẹnikẹ́ni kò sìn rí ní gbogbo agbègbè Èjìgbò. Ìjàpá ni, alágẹmọ ni, àbí òjòlá? Èwo ni kí n yàn?" Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún wa pé òun ti san àsansílẹ̀ owó fún ẹnìkan tí yóò bá òun mú òjòlá kékeré bọ̀ láti Lomé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà.

1. Ǹjẹ́ a lè sin ẹran fún ìgbádùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá, àbúrò Anas bin Malik kan tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Ànábì (SAW) mọ̀ nípa rẹ̀, kò bá a wí. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ọmọ náà nínú. Àwọn onímọ̀ fi èyí ṣe ẹ̀rí pé sísin ẹran fún ìgbádùn tọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí kan náà ló gba hadiisi obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò wá. Ó dè é mọ́lẹ̀, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Hadiisi kìíní ṣí ilẹ̀kùn fún wa, èkejì fi ààlà sí i.

Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Nígbà tí a wà ní ilé-kéwú, a rí ìjàpá kan nínú oko. A fi irin gbígbóná lu ìkarahun rẹ̀, a ki okùn bọ̀ ọ́, a sì so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Ọjọ́ ọdún dé, a gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a padà débẹ̀, ó ti kú sínú oòrùn, okùn sì ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èrò wa ni pé ìkarahun dà bí èékánná, pé kò ní dùn ún. Irọ́ ni. Eegun ààyè ni ìkarahun ìjàpá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń mọ ìrora. A ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé rẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ ejò

Ànábì (SAW) pàṣẹ pípa ejò àti àkeekèé, kódà bí a bá wà lórí ìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ fíkíhì sì sọ pé ohun tí Ṣẹ̀ríà ní kí a pa, kò tọ́ kí a máa tọ́jú rẹ̀ sínú ilé fún eré. Ọmọńlé náà wọ inú ìlànà yìí.

Òótọ́ ni pé òjòlá kékeré tí wọ́n ń tà ní Lomé, èyí tí í ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kò ní oró. Láti Togo, Benin àti Ghana, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí wọ́n ti kó lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ẹran odidi bí eku ló ń jẹ, ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù púpọ̀. Ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tó ti wà níbẹ̀ láti 1961 yé ẹyin ní 2020. Ọ̀dọ́ wo ló lè ṣèlérí pé òun yóò máa wá eku fún ejò fún ọgọ́ta ọdún?

3. Alágẹmọ àti ìjàpá

Alágẹmọ kì í sábà mu omi inú àwo. Ẹ̀kán omi tó wà lára ewé ló ń lá, kòkòrò ààyè ló sì ń jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú wálé ni òǹgbẹ ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ẹni tó bá sì ń sin alágẹmọ ládùúgbò wa, kí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò rò pé oògùn ló ń ṣe. Mùsùlùmí a máa sá fún ibi ìfura.

Ìjàpá inú igbó wa, èyí tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ máa ń padé bí ilẹ̀kùn, fẹ́ ibi tútù tó ní òjìji. Olú, èso àti ìgbín wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìjàpá ńlá ilẹ̀ Òkè-Ọya ní tirẹ̀ ń jẹ koríko, ó ń gbẹ́ ihò jíjìn, akọ rẹ̀ sì lè wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Bó ṣe kéré bí ọwọ́ lọ́jà kọ́ ni yóò ṣe wà.

4. Ẹ̀kọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́

Kò jìnnà sí wa ni Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìjàpá kan tí wọ́n ń pè ní Alàgbà gbé ní ààfin Sọ̀ún. Ó kú ní oṣù October 2019, ní ayé Ọba Jimoh Oyèwùmí. Ààfin ní ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 344, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ẹran kò gba iye yẹn. Ìjàpá Jonathan ti erékùṣù Saint Helena, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ogbó, nǹkan bí 1832 ni wọ́n ṣírò pé wọ́n pa á.

Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní, ìjàpá lè pẹ́ ju olówó rẹ̀ lọ. Ta ni yóò jogún ìtọ́jú rẹ̀? Èkejì, àwọn kan ń lọ sọ́dọ̀ Alàgbà nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ó lè wo àìsàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a lè sin ìjàpá bí ẹni ń sin adìẹ, a kò gbọdọ̀ sìn ín bí ẹni ń sin Ọlọ́hun. Ọlọ́hun nìkan ló ń wo àìsàn sàn.

5. Ohun tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó yan ẹran

(a) Ibi tó ti wá. Nigeria ti ní òfin lórí òwò ẹran igbó tó ń tán lọ láti 1985. Àdéhùn CITES láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà ń ṣọ́ òjòlá àti ìjàpá. Ẹni tó bá fi àpò gbé wọn kọjá ẹnubodè láìní ìwé ti rú òfin.

(b) Ìlera ará ilé. Àwọn ẹran afàyàfà máa ń gbé kòkòrò àìsàn Salmonella, tí í fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, pàápàá lára ọmọdé. Nítorí rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi fi òfin de títà àwọn ìjàpá kékeré ní 1975. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a má sì ṣe fi búútà àlùwàlá fọ àwo rẹ̀.

(d) Òpin rẹ̀. Ní Florida, òjòlá ńlá láti ilẹ̀ Éṣíà tí àwọn olówó wọn tú sílẹ̀, àti àwọn tó sá jáde, ti pọ̀ sí i nínú irà Everglades, wọ́n sì ti jẹ àwọn ẹran ibẹ̀ run. Ẹran tó bá sú wa, kì í ṣe inú igbó èyíkéyìí la ó jù ú sí.

Èsì wa fún arákùnrin náà

A ní kí ó lọ gba owó rẹ̀ padà. Ó bi wá pé, "Bí wọn kò bá dá a padà ńkọ́?" A ní àdánù owó rọrùn ju àdánù àmánà lọ. Bí ó bá ní ọgbà tó fẹ̀ àti ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀, tó sì rí ìjàpá tó ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, kí ó gbà á, láìlu ìkarahun rẹ̀, láìso ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jókòó ti alángbá ara ògiri. Kí ó kọ ohun tó ń jẹ sílẹ̀, ìgbà tí akọ ń mi orí, àti bí orí rẹ̀ ṣe ń pọ́n nínú oòrùn. Suratul An'am ti kọ́ wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹran wọ̀nyí. A lè mọ ìjọ kan láìdè é mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Abu Umayr àti obìnrin ológbò?
2. Ẹran wo ló wà ní ilé rẹ báyìí? Ta ló fún un lómi lónìí?
3. Bí o bá rìnrìn-àjò fún ọdún kan, ta ni yóò bọ́ ọ?

Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ń ṣọ́ àmánà, kí Ó sì foríjì wá níbi tí a ti kùnà. Amin.