Gbèsè Òní àti Owó Ọjọ́ Ogbó

Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ kan ní Ìgbẹ́tì tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦80,000, tí ó sì jẹ olówó-èlé ní ₦60,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 5 lórí 100 lóṣooṣù. Ǹjẹ́ gbèsè ni kí ó san, tàbí kí ó tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì?

Èkíní: Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 là á sílẹ̀ pé, fún òṣìṣẹ́ tí ètò náà kàn, kí a yọ ó kéré tán 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un. Nípa bẹ́ẹ̀ ₦6,400 rẹ̀ di ₦14,400. Kí ó má ṣe wá ọ̀nà láti yẹ èyí sílẹ̀.

Èkejì: Èlé gbèsè náà jẹ́ ₦3,000 lóṣù. Bí ó bá ń san ₦3,000 péré, gbèsè kì yóò yẹ̀, bí òkúta mábù ìlú wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá san ₦13,000, yóò ku ₦50,000, èlé oṣù kejì yóò sì di ₦2,500.

Ẹ̀kẹta: Bí ó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àfikún lé ohun tí òfin béèrè, kí ó dá a dúró ná, nítorí irú èlé bẹ́ẹ̀ ju èrè tí owó ìfẹ̀yìntì ń mú wá lọ. Nígbà tí gbèsè bá tán, kí ó máa fi ₦13,000 náà pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a san gbèsè òní, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ọjọ́ ogbó san án.