Moulinet olówó gọbọi: ṣé ara rẹ̀ gba iyọ̀?

Ẹ̀yin apẹja wa ní Àjàṣẹ́, moulinet tí wọ́n ń gbé sórí ọ̀pá ìwọ̀, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò dá okùn rẹ̀ dúró, ẹ ń béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lódò, kó tún ṣiṣẹ́ lókun.

Ẹ má jẹ́ kó tàn yín pé ó ń yí wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Kò tíì fojú kan iyọ̀ ni. Ẹ bi í bóyá roulement inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún omi òkun. Ẹ di frein rẹ̀ níwọ̀n, kí ẹnì kan wá fa okùn. Bó bá ń jáde geerege, ó dáa. Bó bá ń dúró, tó tún ń já lójijì, ẹja ńlá á já okùn yín. Frein kejì wà tí kì í jẹ́ kí okùn lọ́jú pọ̀ bí ẹ bá ju ìwọ̀. Ìgbà tí ẹ bá dojú kọ atẹ́gùn ni àṣírí ìyẹn máa ń tú.

Ẹ̀yin ará Nokoué, ẹ má sọ pé iyọ̀ ò kàn yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń gba Kútọnu wọlé. Bí ẹ bá dé, ẹ rọra fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án. Omi tó ń tú jáde kíkankíkan, áà, ṣe ló ń ti iyọ̀ wọnú! Ẹ tú frein, ẹ gbẹ ẹ́ níbòji, ẹ kán òróró díẹ̀ sí i.

Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀, tó jẹ́ odò Ọ̀pàrà nìkan ló ń lọ, kó ra èyí tí kò wọ́n. Ohun tí ìyókù owó náà máa ṣe pọ̀ nílé.